Ìṣó Tí Kò Ní Fọ́tò

Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Kì í ṣe pé mo rántí ìṣẹ́jú náà fúnra mi. Kọ̀mpútà ló kọ ọ́ sára fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo dà kọ, mo sì gba kọ̀mpútà gbọ́ ju ọpọlọ mi lọ.

Oak Cliff ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tí wọ́n kọ́ sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ilé ìyá arúgbó kan. Òyìnbó ni, ìyá ìyá rẹ̀ ló wá sí Texas láti Áyálándì. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wọ tíréènì lọ sí Richardson, níbi tí mo ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn yunifásítì. Igi pikáàní ńlá kan wà láàárín ilé rẹ̀ àti yàrá mi. Tí èso rẹ̀ bá ti gbó, a máa já lu òrùlé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kà á títí oorun á fi gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kó dé, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Mi ò lè ṣe é. Mo ń pè é ní "Ma." Ó ní òun kì í ṣe ìyá mi o, pé ìyá mi wà láyé, ó lè wọ bàálù wá bá òun jà. Mo ní tí ìyá mi bá gbọ́ pé mò ń pe arúgbó lórúkọ, ìgbà yẹn gan-an ni yóò wọ bàálù, èmi ni yóò sì wá bá jà. Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ; bó ṣe ń dún létí mi ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ní òpin oṣù kẹwàá yẹn ni yóò kó kúrò nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Little Elm ti tún yàrá kan ṣe fún un, nítorí ojú rẹ̀ ń lọ. Àárín ojú náà ló kú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ríran. Bó bá wò ọ́ tààrà, kùrukùru ló máa rí. Bó bá fẹ́ rí ọ, ó ní láti yí orí kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Kí n tó mọ ìyẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ń sú u ni.

Ó ní kí n bá òun da gbogbo fọ́tò ìdílé òun sínú kọ̀mpútà, kí òun lè máa wò wọ́n ní ńlá lára tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Kí wákàtí kejì tó pé, mo ti mọ ohun tó ń wá gan-an.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ilé ìdáná rẹ̀ kún fún fọ́tò láti òkè dé ìbàdí. Ó ń fọwọ́ kan férémù kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ láì wò ó: bàbá rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè; ọkọ rẹ̀, tó kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn; ìyá ìyá rẹ̀, tó dé Texas ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà yìí ni ìṣó kan wà tí wọn ò gbé nǹkan kan kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìṣó náà bó ṣe kan àwọn férémù, ó dúró díẹ̀, ó sì kọjá.

Mo béèrè. Ó ní àyè àbúrò ìyá àgbà ni, ọkùnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ní Áyálándì. Wọ́n jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn títí tí lẹ́tà ọkùnrin náà ò fi wá mọ́. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ló ń bi léèrè fọ́tò àbúrò rẹ̀, ó ń sọ pé ó wà nínú ẹrù òun. Wọ́n tú ẹrù, wọn ò rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá onílé mi nígbà náà.

"Mo sọ fún un pé màá bá a wá a," ló wí. "Ọmọdé ni mí. Mo rò pé kò ju ká tú àpótí lọ."

Ìyá rẹ̀ ló kan ìṣó náà mọ́ ògiri nígbà tó yá, ó ní ọjọ́ tí fọ́tò náà bá yọjú, kó má ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àyè fún un. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ìṣó náà ti wà níbẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn: kó tó kúrò nílé yẹn, kí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó bá àárín lọ, ó fẹ́ rí ojú ọkùnrin náà.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Mo fa ìlà méjì sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo rí, ohun tí wọ́n sọ fún mi, ohun tí mo rò. Mi ò jẹ́ kí ọ̀kan wọ ilé èkejì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí wọ́n bá kí mi káàárọ̀, màá kọ́kọ́ wo aago. Wọn ò parọ́.

Lọ́jọ́ yẹn náà la dé ìdí álíbọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Bébà dúdú ni inú rẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò mọ́ ọn pinpin. Ní ojú ewé kejì, àwọn ọmọ méjì dúró níwájú ilé olókùúta, láì wọ bàtà. Gáùn aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, irun wọn gùn dé èjìká, ojú wọn sì jọra bí ojú ẹnì kan. Lábẹ́ rẹ̀, ìyá onílé mi ní ìyá òun ló fi íńkì funfun kọ ọ́ pé: Màmá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Mo ní, "Ma, ẹ ò tíì sọ pé wọ́n ní àbúrò obìnrin."

Ó ní òun náà ò gbọ́ ọ rí. Ìyá àgbà ò fìgbà kan sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun bi ìyá òun, ìyá òun ní fọ́tò ló bá nílẹ̀, ọmọbìnrin méjì ló rí. Mo ní kí n yọ fọ́tò náà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ló lẹ̀ ẹ́, kò sì ní ya mọ́ òun lọ́wọ́. Mo dà á kọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì ṣe é ní kékeré, nítorí fọ́tò tó kù pọ̀.

Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí n tó mú un jáde lórí kọ̀mpútà mi. Ó jọ ohun kan tí mo ti rí rí.

Ní pálọ̀ ìyá ìyá mi ní Ọ̀yọ́, fọ́tò kan wà lókè ilẹ̀kùn. Ìbejì ni wọ́n bí ìyá àgbà mi, ìkejì rẹ̀ sì kú kí wọ́n tó ya fọ́tò kankan. Àwọn òbí rẹ̀ ò fẹ́ kó dá nìkan wà. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, onífọ́tò yà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Ọmọ méjì wá jókòó síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gáùn kan náà, ojú kan náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn tí onífọ́tò gbìyànjú láti fi pamọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gun àga láti wá ìlà náà. Ìyá àgbà á ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n má ṣe máa wo ẹ̀gbọ́n òun bẹ́ẹ̀. Òun náà ni mò ń wò. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ òun àti èyí tó jẹ́ ìkejì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la.

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mi ò délé. Ìyá àgbà mi kú ní ọdún kejì tí mo dé Amẹ́ríkà. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo pe ìyá mi, mo ní kó bá mi ya fọ́tò òkè ilẹ̀kùn ránṣẹ́. Ó ní wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí òjò wọ pálọ̀. Ó lè wà lọ́dọ̀ àbúrò òun, ó lè má sí. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní iṣẹ́ kan ni.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lábẹ́ ohun tí mo rò: ọmọ kan ṣoṣo ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò obìnrin kan wà, ó kú ní kékeré, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà wọn ò fi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó yẹ kí bíbáramu náà ti kọ mí lóminú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sọ fún ìyá onílé mi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, mo ní ó ṣeé ṣe ni, mo sì ṣàlàyé fọ́tò tiwa ní Ọ̀yọ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lápá fèrèsé, ìyẹn ni pé èmi ló ń wò.

Ó ní, "Nígbà náà, ìyá àgbà sin ọmọ ìyá rẹ̀, kò sì sọ fún wa."

Mi ò rántí pé mo tún lo "ó ṣeé ṣe" lẹ́yìn ìyẹn. Ó pa álíbọ́ọ̀mù dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ pè mí láti Little Elm. A kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní màmá òun ní kí òun fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wọn láàárín ọ̀sẹ̀, pé ó tan àbẹ́là fún ọmọdébìnrin kan tó kú ní Áyálándì, ó sì sunkún ní gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

"Èmi ò bá ọ jà o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní kó fún mi láyè kí n tún fọ́tò náà wò.

Kò dá mi lójú. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo tún fọ́tò náà wò, mo sì rí i pé mo ti dà á kọ ní kékeré débi pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà ò hàn dáadáa. Mo bẹ ìyá onílé mi pé kó yá mi ní álíbọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó nà án sí mi lẹ́nu ọ̀nà láì sọ̀rọ̀. Mo dà á kọ, ó di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn ọmọ náà dira wọn lọ́wọ́ mú. Àwọn ìka ọmọ apá òsì gba ẹ̀yìn ọwọ́ èkejì, wọ́n tún yọ síwájú, ọmọ-ìka kan sì di etí gáùn èkejì mú. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ò lè di ara rẹ̀ lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀. Kò sí ìlà kankan láàárín wọn. Mo wá ìlà náà bí mo ṣe máa ń wá a lórí àga, kò sí.

Ilé wa ni mo rí nínú fọ́tò wọn. Èmi tí mò ń fa ìlà sínú ìwé kí nǹkan má baà wọnú ara wọn, àárò ló gbé ìyá àgbà mi láti Ọ̀yọ́ wá síwájú ilé olókùúta wọn, mo sì pe èyí ní àlàyé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ìyá onílé mi ní tábìlì ilé ìdáná. Mo ní mo ṣìnà. Mo ní ọmọ méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì wà láyé lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ẹni tí èkejì jẹ́ ni mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí àbẹ́là náà.

Ó ní, "Àbẹ́là ò ṣòfò. Ẹnì kan lókè á ti mú un lò." Lẹ́yìn náà ló ní, "Yọ ọ́."

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó wí. Fọ́tò náà ni. Ó ní ìyá òun á dárí ji òun. Ìyá òun náà ló ṣáà kan ìṣó.

Mo ti kà nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òwú tí àwọn èèyàn ibí fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín ni wọ́n ń lò, èyí tí wọn ò fi ìda pa. Èèyàn á nà án ṣinṣin láàárín ọwọ́ méjèèjì, á ki í bọ abẹ́ igun fọ́tò, á máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn gé igi, díẹ̀díẹ̀, á máa gé gọ́ọ̀mù láì kan bébà. Ìyá onílé mi di álíbọ́ọ̀mù mú. Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú. Òwú já lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti ń sanwó fún oníṣègùn eyín láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun ò mọ̀ pé òwú yẹn wúlò.

Nígbà tó yọ, mo yí i padà. Mi ò rí nǹkan kan àfi gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, kí n má tàn án láti òkè, kí n tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní òun ló yẹ kó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń ríran.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan yọ: pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti ṣá tán, ibi tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ bébà nìkan ló kù. Gọ́ọ̀mù bo apá kan rẹ̀. Mo kà á fún un bí mo ṣe rí i: "Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, kí wọ́n tó wọ ṣòkòtò fún un."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

 Ó ní ní ìgbèríko ìyá àgbà, gáùn ni wọ́n máa ń wọ̀ fún ọmọkùnrin títí yóò fi dàgbà díẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ẹ̀dá kan wà nínú òkè tó máa ń jí ọmọkùnrin gbé. Tí wọ́n bá rí gáùn, wọn á ṣèèṣì pè é ní obìnrin, wọn á kọjá lọ. Kò ṣòro fún mi láti gbọ́. Níbi tí mo ti wá, èèyàn lè sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ tó burú kí ikú má baà fẹ́ ẹ.

"Mo ti sọ ìtàn gáùn yẹn nídìí oúnjẹ Kérésìmesì láti ogójì ọdún," ló wí. "Gbogbo wọn a máa rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà wà nínú yàrá kejì."

Àwọn ẹ̀dá òkè yẹn ò rí ọmọ náà, ìyá onílé mi ò rí i, ìyá tó bí i náà ò rí i. Mo fẹ́ béèrè bó ṣe jẹ́ tí ìyá rẹ̀ ò yí fọ́tò náà padà kó tó lẹ̀ ẹ́, tàbí bóyá ó yí i padà tí ohun tí wọ́n kọ ti ṣá nígbà náà. Mi ò béèrè. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé mi, òfìfo ló sì wà títí di òní. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó pa òwe Sókótó àti àpò ṣòkòtò. Mo ní màmi, ọmọ náà ò tíì ní ṣòkòtò, wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní àbúrò òun ò rí fọ́tò tiwa.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò tíì sí ẹ̀rín. Ìyá onílé mi dìde, ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fọwọ́ kan bàbá rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ìyá àgbà, ìṣó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìṣó náà bí ẹni ń wò ó bóyá ó le. Ó padà wá, ó ní kí n gbé ọmọ náà sórí tẹlifíṣọ̀n, kí n má gbé ìyá àgbà, òun mọ ojú ìyá àgbà.

Mo so kọ̀mpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo gé ọmọ apá ọ̀tún sọ́tọ̀, nítorí òun ló fi díẹ̀ kéré sí èkejì, èyí tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé ohun tí mo fi yàn án nìyẹn: ó kéré, ìyá àgbà sì kọ ọ́ pé àbúrò ni. Ó ní ó tó. Ojú ọmọ náà gba gbogbo ara tẹlifíṣọ̀n: irun tó bo etí, ètè tó pàdé pọ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira, ìdọ̀tí kan ní àgbọ̀n.

Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ tààrà, bí èèyàn ṣe ń ṣe tó bá gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló yí orí kúrò lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tí ojú rẹ̀ fi dé apá fèrèsé àti igi pikáàní. Ẹni tó bá wọlé lásìkò náà á rò pé kò fẹ́ wò ó.

Mi ò mọ ohun tó rí, mi ò sì ní kọ ọ́ síbi tí mò ń kọ ohun tí mo rí sí. Mo rí i pé ó di ọwọ́ àga mú. Mo rí i pé orí rẹ̀ ò mì. Aago kọ̀mpútà kà mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta nígbà tó yí orí kúrò, ó di méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sì tíì yí i padà.